Owó Fàdákà Inú Omi Ìsọmọlórúkọ

Ilé Kẹtàlá, Àjà Kejì,
Òpópónà Renwick, Gulfton,
Houston, Texas.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, 1983.

Ọmọ́yẹni, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni o? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara Màmá yín ti le dáadáa, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn? Ṣé iná ń wà ní Ìbàdàn, ṣé omi ń yọ? Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi. Lẹ́tà rẹ méjì ló wà nílẹ̀ tí n kò tíì fèsì sí, o sì ti sọ nínú èyí tó kẹ́yìn pé Amẹ́ríkà ti gbé mi mì. Kò gbé mi mì o. Ọmọ ni mo bí.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bímọ. Obìnrin ni, ó dúdú, ó gùn, irun kún orí rẹ̀ bí ẹni tó ti wà láyé tipẹ́. Ó sì ní ohùn. Ohùn yẹn, tìrẹ gan-an ni, nígbà tí o máa ń bá àwọn tó ń já wọ orí ìlà jà nílé oúnjẹ ní yunifásítì. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Màmá Láńre, ìyá ọkọ mi, ti dé láti Iléṣà láti oṣù keje. Àwọn ló ń wẹ ọmọ, àwọn náà ló ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn tí mo ń ké bí ọmọdé. Láńre wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ. Láti ìgbà tí ó ti di bàbá ni ó ti ń dá rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò.

Ṣùgbọ́n jókòó dáadáa kí o tó ka ìyókù, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìdúró. Owó kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, owó fàdákà kékeré kan tó ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Ìbàdàn dó.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa. Dókítà eyín ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní Anthony ni kí a máa pe òun, pé òun kò tíì darúgbó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irun kan kò dúdú mọ́ lórí rẹ̀. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé Láńre ti kọ́ ọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ó sì máa ń ṣe é dé ìdajì, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọn kò sì bímọ. Ó ku òun àti àwọn owó àtijọ́ rẹ̀. Ó ń kó owó fàdákà àwọn ará Róòmù ayé ọjọ́un jọ sínú àpótí onígi kan, owó kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀ tí ó sùn sí. Kí n má parọ́ fún ọ, nígbà tí Láńre kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní iṣẹ́ ni kò rí ṣe.

Ìwọ náà á ti gbọ́ nípa ìjì tó jà níbí nínú oṣù kẹjọ, èyí tí wọ́n sọ ní Alicia. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti pe Láńre sí ilé iṣẹ́ wọn ní Baytown pé kí àwọn ẹnjiníà wá dúró ti ẹ̀rọ, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn síbẹ̀. Ó wá ku èmi àti Màmá. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, igi ti wó káàkiri àdúgbò, iná ti lọ, tẹlifóònù kò dún mọ́. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń bá ìjì wí ní orúkọ Jésù. A gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Anthony ni. Omi ti wọ ilé rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ní, kò mú aṣọ, kò mú rédíò, àpótí owó yẹn ló gbá mọ́ àyà, òun fúnra rẹ̀ sì rin gbindin. Ibi tí ó ti ń bẹ̀ wá pé kí a bá òun gbé e sórí tábìlì ni ìrọbí ti mú mi.

Má rẹ́rìn-ín o. Anthony sáré síta, ó padà wá sọ pé igi ńlá kan wó dí ẹnu ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà jáde, pé àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń fi ayùn gé e, kí n ní sùúrù. Sùúrù dà níbẹ̀? Màmá ń gbàdúrà, ara mi ń gbọ̀n, mo ti bínú sí gbogbo ayé, àgàgà Láńre. Ni bàbá náà bá gbé àga mi sún mọ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ́yẹni, ó yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé orí ọba nìkan ni n ó máa rí. Orí ọba wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ojú kan ni wọ́n máa ń yà, pẹ̀lú ọrùn tó ki àti ewé tí wọ́n fi ṣe adé. Ọ̀kan wà nínú wọn tí imú rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá sí ti ọ̀gá tó kọ́ wa ní ìṣirò, mo sì rẹ́rìn-ín láàárín ìrora. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn owó ni iṣẹ́ ọnà wà. Erin kan ń tẹ ejò mọ́lẹ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, síbẹ̀ mo rí eyín erin náà. Ọkùnrin kan ń fi màlúù méjì kọ oko. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tòun ti àwọn tó ń wà á. Òmíràn, ọwọ́ méjì ló di ara wọn mú, kò sí ojú, kò sí ara, ọwọ́ lásán. Òmíràn tún rèé, òòlù àti ẹ̀mú ló wà lára rẹ̀, ó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń rọ owó náà nìyẹn.

Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ yí orí àwọn ọba yìí ká. Ó ní orúkọ ọba ni, àti orúkọ bàbá rẹ̀, àti oyè tó jẹ, àti àwọn ilẹ̀ tó ṣẹ́gun. Mo ní oríkì nìyẹn. Ó ní kí n ṣàlàyé. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé oríkì nígbà tí ọmọ ń tì í nínú? Màmá ló gbà á lẹ́nu mi. Wọ́n dìde lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì ki ìran ọkọ mi láti òkè délẹ̀ ní ojú bàbá òyìnbó. Ó ń mi orí, ó ń tọ́ka sí owó, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì yé ara wọn ju bí èmi àti Láńre ti ń yé ara wa lọ.

Nígbà tí ìrora náà wá le gan-an, ó yọ owó kan, ó fi í sí mi lọ́wọ́. Lójú kan rẹ̀, orí obìnrin ni, ìyàwó ọba, ó ká irun jọ sí ìpàkọ́ dáadáa. Lójú kejì, obìnrin kan dúró, ó gbé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ méjì mìíràn sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní ìyàwó òun ló rà á fún òun ní ọdún tí àwọn fẹ́ra, nígbà tí àwọn ṣì ń retí ọmọ. Ó ní kí n dì í mú.

Mo dì í mú. Nígbà tí wọ́n gé igi náà tán, mo dì í mú nínú mọ́tò rẹ̀ títí a fi gba òpópónà Bellaire kọjá, níbi tó ti ń gun orí koríko láti yẹ igi sílẹ̀, tí Màmá ń kọrin lẹ́yìn wa. Mo dì í mú dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí ọmọ jáde, nọ́ọ̀sì ló fi agbára ṣí ìka mi, owó náà sì ti tẹ àmì sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, róbótó, ó pọ́n. Láńre dé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó sì fẹ́ kí n bá òun kẹ́dùn nípa freeway, títì márosẹ̀ tó dí mọ́ ọn. Mo dárí jì í, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn.

A dá owó padà fún Anthony, a sì padà sílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Láńre sọ fún un bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ: àdúrà, oyin, iyọ̀, abọ́ omi, àti pé ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á ju owó sínú omi náà kó tó pe orúkọ. Ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ ni bàbá náà gòkè wá bá mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá àlejò lè fún ọmọ lórúkọ. Mo ní kí ló dé tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí pé tó bá jẹ́ orúkọ ìyàwó òun ńkọ́, Dọ́rọ́tì, ṣé kò ní burú? Ó ní kò sí ẹni tó tún ń pe orúkọ yẹn mọ́.

Mo ní kò burú rárá. N kò bi Láńre, n kò bi Màmá. O mọ̀ mí, ẹnu mi máa ń ṣáájú mi dé ibi tí mò ń lọ. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ lọ tán ni mo wá rántí pé orúkọ obìnrin tó kú láìbímọ ni mo gbà fún ọmọ-ọmọ Màmá Láńre, Màmá tí kì í mu omi láìgbàdúrà sí i. Mo fẹ́ pe bàbá náà padà, mo sì rántí bó ṣe ń yí fìlà yẹn lọ́wọ́, n kò lè pè é.

Alàgbà Ọláwọlé ló darí ìsọmọlórúkọ náà, alàgbà ìjọ Aládùúrà tí a ń lọ. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìtara wọn kò mọ ní ìwọ̀n. Gbogbo nǹkan ń lọ ní ìrọ̀rùn. Ọmọ tọ́ oyin wò, ó lá iyọ̀, wọ́n fi omi kàn án lẹ́nu. Màmá ju owó sínú abọ́ omi, wọ́n pè é ní Ìyanuolúwa. Láńre pè é ní Ọláitán. Ó wá kan Anthony, ẹni tó wọ kóòtù àti táì nínú ooru yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì rẹ̀, ó sì ju owó tirẹ̀ sínú abọ́. Mo mọ̀ ọ́n kó tó kan omi. Owó ọwọ́ mi ni.

Alàgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì mú un jáde, wọ́n bi Láńre pé owó ìlú wo nìyí. Ká ní Láńre sọ pé owó àtijọ́ ni, kó dákẹ́, ì bá ti tán síbẹ̀. Ọkọ mi kò lè ṣe kó má ṣàlàyé. Ó ní owó fàdákà ni, ti àwọn ará Róòmù, láyé àwọn ọba wọn ọjọ́un. Alàgbà na owó náà jìnnà sí ara wọn.

“Láńre, fàdákà Róòmù ayé ìgbà yẹn? Irú owó tí Júdásì gbà nìyí. Owó tí wọ́n fi ta Olúwa wa ló wà nínú omi ọmọ yìí.”

“Àmín,” ni Anthony wí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Láńre kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, pé tí Alàgbà bá ti sọ̀rọ̀ tó dákẹ́, kó máa dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ilé dàrú. Àwọn kan ní kí a da omi náà nù, àwọn kan ní kí a gbààwẹ̀, ẹnì kan ní ọmọ ti tọ́ ọ wò tẹ́lẹ̀, kí ni a fẹ́ ṣe sí ìyẹn. Bí Alàgbà bá ti dánu dúró mí, bàbá wa á ní àmín. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àdúrà òun ni gbogbo ilé ń gbà kíkankíkan. Láńre na ọwọ́ láti gba owó náà, kó lè dá a padà fún un. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé mo wà lórí àga ìyálọ́mọ.

“Láńre,” mo ní, “tí o bá dá owó yẹn padà fún bàbá yìí lónìí, ìwọ ni wàá máa jí wẹ ọmọ láti ọ̀la lọ.”

“Bùkọ́lá, please, calm down, àgbà ń sọ̀rọ̀.”

Màmá ló pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kí Láńre bi bàbá náà pé ìgbà wo gan-an ni wọ́n rọ owó yìí. Anthony ní ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Jésù ti gòkè re ọ̀run. Màmá yíjú sí Alàgbà, wọ́n ní ṣé wọ́n gbọ́, Júdásì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó rọ èyí, kí ni yóò fi owó ṣe nínú sàréè? Ẹ̀rín ta lọ́tùn-ún lósì. Alàgbà fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kíákíá. Wọ́n tún ní obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé kì í ṣe òrìṣà? Láńre bi Anthony. Anthony dáhùn, ó gùn, ó ní èdè àwọn ará Róòmù nínú, èmi tí mo gbọ́ ọ sì mọ̀ pé tí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, a ti wọ gàù. Láńre wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó ní, “Ìyá ọlọ́mọ ni, sà.” Ọmọ́yẹni, mo fẹ́ràn ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n wá ní kí bàbá pe orúkọ rẹ̀. Ó pè é, “Dorothy.” Alàgbà bi Láńre pé orúkọ ta nìyẹn. Láńre kò mọ̀, ó ń wò mí. Kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pé orúkọ ìyàwó bàbá ni, pé ó ti kú, pé wọn kò bímọ, pé èmi ni mo gbà láìbi ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, kì í ṣe ẹ̀rù Alàgbà, ẹ̀rù Màmá ni. Anthony wò wá yíká, àmín kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó ti yé e pé ọ̀rọ̀ orúkọ Dọ́rọ́tì ni a ń rò.

Màmá gba owó náà lọ́wọ́ Alàgbà. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wo obìnrin náà àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

“Bùkọ́lá, ṣé èyí ló wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ ìjì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n wá sọ fún gbogbo ilé, láìgbé ohùn sókè rárá, pé, “Ìyá ìyàwó bàbá yìí náà ló lóyún rẹ̀, tó bí i, tó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kan báyìí. Ta ló kù tó ń pe orúkọ náà?”

Màmá ju owó náà padà sínú omi, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n ní, “Dọ́rọ́tì.” Gbogbo ilé sì pè é tẹ̀lé wọn, Alàgbà náà pè é, ohùn wọn ló sì pọ̀ jù. Anthony tó ti ṣe àmín sí Júdásì kò lè ṣe é sí èyí. Ó kàn bo ojú ni. Èmi náà sunkún, n kò tijú.

Ìjà kan ṣoṣo ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, Màmá fẹ́ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ dúdú ara owó náà kúrò, kí wọ́n lu ihò sí i, kí wọ́n fi òwú so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn. Anthony fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó ní dúdú yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀, kí a jọ̀ọ́, kí a má fọ̀ ọ́, kí a má sì lu ú. Owó náà wá wà nínú òwú nínú agolo mílíìkì ọmọ báyìí, mo sì máa ń ṣí i wò tí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú. Màmá ní ọmọ kì í fi agolo ṣe ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà.

Bá mi kí gbogbo ilé. Kí Màmá yín dáadáa, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá jẹun lọ́wọ́ wọn. Kí Àbẹ̀ní, àbúrò rẹ, sọ fún un pé aṣọ tó fi ránṣẹ́ ti kéré fún ọmọ kó tó dé, ẹni tó gùn ni a bí. Fọ́tò wà nínú àpò ìwé yìí. Bàbá tó dúró lẹ́yìn tí táì rẹ̀ wọ́, òun ni Anthony.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé kí n tó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àwọn orúkọ yòókù ni Màmá fi ń gbàdúrà fún ọmọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ bá a wí, Dọ́rọ́tì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń ké bó ṣe máa ń ké, ni Màmá bá ń pariwo lé e lórí: “Dọ́rọ́tì! Dákẹ́ jàre, Dọ́rọ́tì, ta ló nà ọ́?” Ilẹ̀kùn dún. Anthony ni, ife kọfí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ariwo wa ti pọ̀ jù láàárọ̀ kùtù. Ó ní rárá, kì í ṣe ìyẹn. Ó ní òun gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ náà lókè, òun sì ti yíjú sí ilé ìdáná, bí ẹni tó ń retí kí ìyàwó òun dáhùn níbẹ̀, kí òun tó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó ní kí n bá òun bẹ Màmá, kí wọ́n má rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n yíjú sí ọmọ nínú omi, wọ́n sì tún un pè, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó lè dé ìsàlẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí Amẹ́ríkà kò gbé mì,
Olúbùkọ́lá,
Ìyá Dọ́rọ́tì.